Fáànù Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Èbúté

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa sọ fún yín pé kí ẹ ṣáà yan iṣẹ́ tó bá wù yín, pé gbogbo rẹ̀ á yé yín bó bá yá, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí kò yé mi nínú iṣẹ́ náà sì pọ̀ ju ohun tó yé mi lọ. Àwọn ọmọ ọmọ mi ló ní kí n sọ ọ́, nítorí pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń yan iṣẹ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: ẹ mú èyí, ẹ jù ú nù, ẹ tún mú òmíràn. Mo máa sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ibi tó bá ti rú yín lójú, ẹ má bínú, ó rú èmi náà lójú.

Sìkírátù ni orúkọ mi. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Jankara, ó sì fẹ́ kí n jókòó ti òun. Èmi ò fẹ́. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan wà lẹ́yìn ọjà tó ń tún fáànù ṣe, Ọ̀gá Mùdá, bí a bá sì ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá dúró wò ó títí ìyá mi á fi fa etí mi. Nígbà tí mo parí ilé ìwé girama, mo ní ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Ìyá mi ní, "Ọmọbìnrin tó ń tú fáànù? Ta ló máa fẹ́ ẹ?"

Ẹnì kan fẹ́ mi níkẹyìn, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò lọ́rọ̀ nínú. Ìyá mi mú mi lọ, wọ́n kọ ìwé àdéhùn ọdún mẹ́fà, mo sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìgbà ìjọba ológun ni.

Ọ̀gá Mùdá kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló sì burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí o bá ṣe àṣìṣe, á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún un wọ̀, á wá ní, "Tú u." Iṣẹ́ tí o fi odindi àárọ̀ ṣe, kí o tú u nìyẹn. Kò ní sọ ohun tó burú níbẹ̀. Ìwọ ni kí o jókòó, kí o máa wá a. Mo ti tú fáànù kan nígbà márùn-ún rí, nígbà tó di ìgbà karùn-ún, ó ní ti àkọ́kọ́ gan-an dára, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo dá ara mi lójú ni. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí orí ènìyàn dàrú?

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Á tan fáànù, á ní kí n di ojú, kí n na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Níbo ló ti ń mu?"

"Ẹ̀yìn ni, ọ̀gá."

"Níbo ló ń tọ̀ sí?"

"Iwájú ni, ọ̀gá."

"Ohun tó bá ń mu tí kò tọ̀ ńkọ́?"

"Àìsàn ni, ọ̀gá."

Ẹnu rẹ̀ ò mọ́ rárá. Ojoojúmọ́ la máa ń sọ ọ́, bí ọmọ kéú tó ń ké wàláà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí pé obìnrin ni mí. Mo kàn ń dá a lóhùn kí ọjọ́ lè lọ.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí kì í yẹ̀. Bí a bá ń lọ ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà, ọ̀gá ló ń lọ níwájú pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, ọmọṣẹ́ á gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀ lé e. Àpò awọ ni, ó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo gbé e la gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó já fún ọdún mẹ́fà, bí ẹ bá sì bi mí nípa Èkó ìgbà náà, ẹ̀yìn ọrùn ọ̀gá mi ni mo mọ̀ jù.

Ọdún kẹta ni kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn ọ́fíìsì ti ń kó èyí tó bàjẹ́ síta, tòkunbọ̀ sì ti ń wọlé láti inú ọkọ̀ òkun. Ọ̀gá ra ìwé kan, ó ń kà á ní ọ̀sán gangan, ètè rẹ̀ ń mì. A tú ọ̀kan, a ò mọ bí a ṣe máa tò ó padà. A tú èkejì kí a lè mọ bí àkọ́kọ́ ṣe rí, ni a bá ní méjì tí a ò lè tò. Ó tó oṣù méje kí a tó fi òkú mẹ́ta ṣe alààyè kan. Ọjọ́ tí ojú ẹ̀rọ náà tàn, Ọ̀gá Mùdá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́, kò sì ní kí a tú u.

Nínú gbogbo èyí tí a ń tò, ọ̀gá máa ń fi fáànù kékeré kan sí ẹ̀yìn àpótí rẹ̀, ìyẹn àpótí tí gbogbo ayé ń pè ní sípíyù, kó máa fẹ́ wọ inú. Ó ní àlejò ni kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ òtútù ló ti wá. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ní agboolé wa, bí àlejò bá wọlé, kí a tó béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, a ti yí fáànù sí i. Ta ní ń kọ ẹ̀yìn fáànù sí àlejò? Ẹ fi fáànù yìí sọ́kàn o, òun ló kó mi sí wàhálà.

Ó ku oṣù díẹ̀ kí ọdún mẹ́fà mi pé nígbà tí Bàbá Èbúté ránṣẹ́ pè wá sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Èbúté ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́, wọ́n ń wa kíréènì níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Orúnkún wọn ti wá daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ta ayò mọ́. Ọmọ ìyàwó àbúrò wọn kan ló fi géèmù bàlúù hàn wọ́n lọ́jọ́ kan, bàlúù tí ènìyàn ń wà fúnra rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, bàbá kò sì lè sùn mọ́.

Wọ́n ní, "Mùdá, mi ò fẹ́ fi kọ lẹ́tà, mi ò fẹ́ fi ṣírò nǹkan kan. Géèmù yẹn nìkan ni. Tuntun ju agbára mi lọ. Ẹ bá mi tò ó látinú èyí tó wà nílẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Sìkírá ló máa tò ó." Ó wá ní, "Bàbá, báwo ni bàlúù yẹn ṣe ń pẹ́ tó lókè?"

"Wákàtí kan, kó tó gúnlẹ̀."

"Ó dáa. Sìkírá, ọjọ́ tí Bàbá bá gúnlẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ̀rọ kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn ni màá ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún ẹ."

Inú mi dùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ní kí n wá lo iwájú ilé àwọn ní Òkè Àrin fún ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò tíì tú sílẹ̀? Wákàtí kan péré. Mo rò pé mo ti gba òmìnira tán.

Mo tò ó. Mo mú èyí lára òkú yìí, mo mú tọ̀hún lára òkú ọ̀hún, mo fi fáànù sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó máa fẹ́ wọ inú, bí a ṣe ń ṣe é. Ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń wọlé, ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí dé ìrun Ásárì, kò sinmi. A gbé e lọ. A gbé e sórí tábìlì ní igun pálọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ògiri. Ọjọ́ kejì, Àlájà ìyàwó bàbá ránṣẹ́ pè mí. Bàbá jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ti kú.

"Mo wà lókè, Sìkírá. Ó ku díẹ̀ kí n rí ilẹ̀. Ló bá dákẹ́."

Mo wo ẹ̀rọ, mo rí aṣọ funfun oníṣẹ́ ọwọ́ kan lórí rẹ̀, tó bò ó dé ẹsẹ̀. Àlájà ló fi bò ó, bí wọ́n ṣe ń bo tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Mo rẹ́rìn-ín, mo ká a kúrò. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àlájà, ṣùgbọ́n ooru ló ń mú un." Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìgbéraga.

Ọjọ́ kejì, wọ́n tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá ti rí ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé ibẹ̀.

Mo ṣí ìbòrí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó tún kú, ó tilẹ̀ yá ju ti àná lọ. Ọmọńlé kan wọ inú rẹ̀, ó jókòó sórí fáànù bí onílé. Mo ní iná ọba ni, mo pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá wa ṣàtúnṣe iná. Ó kú. Mo gbé fáànù onídùúró ti pálọ̀ kọjú sí i, Àlájà àti bàbá wá ń làágùn nítorí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ó kú. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé bí mo bá gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ á le ganrangan. Mo ń bi ara mi pé ṣé ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rù ilé kan ni? Àlájà ti ní èrò tiwọn nípa ìyẹn.

"Ọkùnrin tí orúnkún ò jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà, tó ń fò nínú pálọ̀," wọ́n ní. "Ṣé ẹ rò pé àlùjọ̀nnú ò ní í dá sí i?"

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ronú, ó ní, "Fi fáànù kejì tì í, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Kí méjèèjì máa fẹ́ sí i." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo gbọ́ òórùn bí ìgbà tí irun bá jó, ojú ẹ̀rọ ṣú, kò sì tàn mọ́. Ẹ̀rọ tó ní fáànù kan ń dákú, èyí tó ní méjì kú pátápátá. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ọ̀gá wá fúnra rẹ̀. Ó yọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìyẹn pátákó kékeré tó ń ronú fún un, ó gbé e síwájú mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú.

"Irú rẹ̀ kan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù," ó ní, níwájú bàbá àti Àlájà. "Bí ìyẹn náà bá jó, wàá padà sídìí fáànù nínù."

Kò pariwo. Mo sunkún délé, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọdún mẹ́fà, kí n tún padà máa nu abẹ fáànù? Ìyá mi gbọ́ ẹkún mi, ó kàn na aṣọ kan sí mi kí n bá òun ká a. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé ọpọlọ kejì lọ. Mo fi í sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti jẹ́ kó pẹ́. Mo kàn tan án, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń wò ó bí ẹni ń wo olókùnrùn. Àlájà wọlé pẹ̀lú ìkòkò tùràrí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀. Wọ́n yí yàrá ká, wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n rọra gbé ìkòkò náà sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, wọ́n ń ka súrà lábẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé torí àlùjọ̀nnú ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Èmi náà ti ń rò ó.

Èéfín náà gòkè. Mo retí kó lọ sí òkè àjà bí gbogbo èéfín. Kò lọ. Ó wọ inú ẹ̀yìn ẹ̀rọ níbi tí fáànù mi méjèèjì wà. Kò pẹ́, ó jáde láti òkè ẹ̀yìn àpótí náà, níbi tí fáànù inú ẹ̀rọ tó ń pín iná fún un ti ń fẹ́ síta. Ó kan ògiri. Ó yí padà, ó rọra sọ̀kalẹ̀, fáànù mi méjèèjì tún mu ún. Ó tún jáde. Wọ́n tún mu ún.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo èéfín kan náà tó ń yípo. Ẹnu mi là sílẹ̀. Ṣé ooru tó ń jáde ni mo ń fún un mu? Fáànù méjì, mo ń bu ìtọ̀ rẹ̀ padà sí i lẹ́nu? Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò, láti ọdún àkọ́kọ́ ni mo sì ti ké e bí wàláà. Ní ṣọ́ọ̀bù, atẹ́gùn ọ̀sà ló ń gbé ooru náà lọ fún wa láì jẹ́ kí a mọ̀.

Mo ní, "Àlájà, ẹ má gbé ìkòkò yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Mo yí fáànù kan padà, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí àlejò, kó máa fẹ́ síta. Ojú tì mí bí mo ṣe ń dè é. Mo yọ èkejì, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ iwájú, kó máa fa atẹ́gùn tútù wọlé. Mo dé ìbòrí rẹ̀ padà, torí mo rí i pé bó bá ṣí sílẹ̀, èéfín kàn ń rìn gbéregbère nínú rẹ̀ ni. Mo sún tábìlì kúrò lára ògiri. Èéfín gba ìsàlẹ̀ iwájú wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó lọ.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àlájà jókòó, èmi dúró. Nígbà tí wákàtí kan ń pé lọ, ilẹ̀ yọ, ọ̀nà tí bàlúù ń gúnlẹ̀ sí yọ. Bàlúù kan ilẹ̀, ó fò sókè díẹ̀, ó tún kan ilẹ̀, ó dúró.

Bàbá ní, "Àlhàmdùlílàhì." "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà lókè, tí mò ń sọ ẹrù ẹlẹ́rù kalẹ̀. Òní ni mo sọ ara mi kalẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń yí padà. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Òkè Àrin, láàárín àwọn tó ń ta mílíìkì àti bisikíìtì. Ojú kọ̀ǹpútà tó sanra tẹ́lẹ̀ rù di pẹlẹbẹ. Fáànù di mẹ́ta, ó di mẹ́fà, wọ́n wá ń tan iná aláwọ̀ mèremère bí ilé ọdún. Àwọn ọmọ òde òní á gbé tiwọn wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ gíláàsì, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì máa sọ bí ooru rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Síbẹ̀, wọ́n á ní ó ń gbóná, kò sì yé wọn. Màá tan igi tùràrí kan, màá gbé e sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan rò pé oògùn ni mò ń ṣe, wọ́n lọ sí ibòmíràn. Àwọn tó dúró rí ohun tí mo rí. Bí ẹ bá bi mí pé kí lẹ lè fi gbọ́n nínú rẹ̀, kí ẹ má gba iṣẹ́ gbọ́ títí ẹ ó fi rí ibi tí èéfín ń gbà jáde, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Mi ò tíì sọ bí ọ̀gá ṣe wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn, nítorí títí di òní, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí nínú ọkàn mi.

Ọjọ́ Ajé ló wá, èmi ń gbé àpò bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìṣe wa. Bàbá ti gúnlẹ̀ nígbà mẹ́rin sí ìgbà náà, wọ́n sì ń rò ó fún un. Ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó di ojú, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rí i pé ooru ń fẹ́ bọ̀ síta. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nù ún. Mo ń dúró kó ní kí n tú u.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Irọ́ ni. Èmi kọ́ lo rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é kọ́ nìyí."

"Ohun tó bá ń mu tí kò tọ̀, ọ̀gá."

Ó tún na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àlájà fi bi í bóyá kí àwọn bu omi wá. Ó wá ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ti tíṣà yẹn náà ń kú lójoojúmọ́. Ti àwọn onítẹ̀wé náà. Mo ní iná ọba ni." Oníbàárà wa ni wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà méjèèjì, òun ló yí fáànù wọn sí àlejò.

Ó ní, "A máa lọ tún wọn yí."

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé àpò. Kò sí níbi tí mo gbé e sí. Ọ̀gá Mùdá ti fi í kọ́ èjìká, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró kí n kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ṣe àdúrà fíríìdọ̀ọ̀mù fún mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àáfà wá, a jẹ mọ́sà, wọ́n sì fún mi ní ìwé. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ yẹn ni mo ń rántí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mo ń fi ọwọ́ gbá ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń yára jù, mò ń lọ́ra jù, mò ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tó jí nǹkan. Àwọn ènìyàn tó mọ̀ wá ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ń wò wá, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa kí wa.

A dé ìkóríta. Mo dúró, mo bi í pé ọ̀dọ̀ ta la máa kọ́kọ́ lọ.

Ó gbé àpò láti èjìká ọ̀tún sí ti òsì.

"Ìwọ ni kí o sọ, ọ̀gá," ó ní.

Mo yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì tẹ̀ lé mi.